Kúbùsù Tí Mo Kì Jù

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi dé ìdí ẹ̀rọ omi, ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni. Láti ògiri kan dé èkejì, mọ́kànlá. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo kà á, mo sì tún un kà. Ẹni tó bá ti ṣe opó rí ló mọ ohun tí èèyàn lè jókòó máa kà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wa ní kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú fi wà nínú ilé. Àwọn Hausa àdúgbò wa ní Ashanti New Town, ní Kumasi, ń pè é ní tàkàbá. Kò sí ọjà, kò sí lọ́fínńdà, kò sí làálì, kò sí pé mo fẹ́ yọjú sí ẹnì kan ní òdìkejì títì. Mo gbà á tọkàntọkàn, nítorí mo fẹ́ràn ọkọ mi. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: nígbà tó fi máa di oṣù kejì, bí mo bá ti gbọ́ tí àwọn ọmọ ọkọ̀ tròtrò ń ké "Kejetia! Kejetia!" lójú títì, omi á lé sí mi lójú. Èmi tí mo máa ń sá fún èrò ọjà Kejetia tẹ́lẹ̀!

Ìrọ̀rí àti mátírẹ́ẹ̀sì ni ọkọ mi ń ṣe. Òwú àràbà ló ń kì sínú wọn, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní onyina. Ó bá iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó gbé e wá láti Ìlọrin, èmi náà sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ọkọ mi láàárín ọdún tí a fi jọ gbé. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kí ó le. Bí oníbàárà bá dé, kò ní wo aṣọ, kò ní wo ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ ni yóò fi gbá ìrọ̀rí nínú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wọlé, á ní o jí òun ní òwú. Igi la fi ń kì í nígbà náà. A ó kì í, a ó gún un, a ó tún kì í, títí ìrọ̀rí yóò fi dá dúró fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yìí ju bó ṣe mọ ọbẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àlájà la ń pè é, kó wá bá wa láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ní òun wá dúró tì mí. Ó sì dúró tì mí lóòótọ́! Ẹ̀gbẹ́ géètì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, bí mo bá sì sún mọ́ ibẹ̀ báyìí, á wúkọ́. Kì í sọ̀rọ̀ o. Á kàn wúkọ́ ni. Mo kórìíra ikọ́ yẹn débi pé mo ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin, ọmọ ogún ọdún, yunifásítì ló ń lọ. Ó wà nílé fún ìsinmi lásìkò ọyẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan, ó yọ aṣọ kan jáde láti inú àpò, aṣọ tí kò ju gèlè lọ nígbà tó ká a, ó sì so ó mọ́ òpó méjì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó wọ inú rẹ̀, ó ń mì.

"Kí tún nìyí?" ni mo bi í.

"Hámọ́ọ̀kì ni, Màámi. Inú rẹ̀ la ó máa sùn lórí òkè."

"Kí ẹ máa rọ̀ dirodiro? Ṣé ẹ ti di àdán ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú nìyẹn. Àlájà wúkọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kó ara wọn jọ láti fẹsẹ̀ rin àwọn òkè apá Fólítà fún ọjọ́ méjìlá, ẹrù lẹ́yìn, láti abúlé kan dé òmíràn. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ti fún un láyè kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀. Mo rò pé ikú ti pa ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ọn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta báyìí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: mi ò fẹ́ kó lọ. Òun ni ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń lọ sí ọjà, tó ń padà wá sọ fún mi pé wọ́n ti tún ilé kan kùn, pé ẹlẹ́ran ìdí afárá ti bímọ. Bí ó bá lọ, ó ku èmi àti ikọ́.

Àmọ́ ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kọ ohun tí òkú ti fọwọ́ sí? Ọmọ mi wá ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá sùn sínú hámọ́ọ̀kì, òtútù kì í ti òkè wá bá a, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ẹ̀yìn èèyàn kọjá. Bí o bá tẹ́ kúbùsù sínú rẹ̀ kí o tó sùn lé e, ara rẹ á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kò ní wúlò fún nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán kúbùsù tí wọ́n ń so mọ́ ìta, lábẹ́ hámọ́ọ̀kì, níbi tí ara kò ti ní tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ṣíwájú wọn sì ti là á mọ́lẹ̀: kí oníkálukú sùn nínú tirẹ̀ wò nílé nínú ọyẹ́. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tutù, kó má wá.

"Bàbá mi ti ní àwọn máa bá mi rán kúbùsù abẹ́ yẹn," ni ó wí, kò sì wo ojú mi.

Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dúró sórí kúbùsù. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná, á lọ. Bí ó bá tutù, á jókòó tì mí. Mo ní màá rán an.

Ẹ wá wo ìyà ẹni tó fẹ́ ra ohun tí kò lè fọwọ́ kàn! Ó lọ sí Kejetia lọ bá àwọn tó ń ta aṣọ òyìnbó àlòkù, obroni wawu, ó sì pè mí lórí fóònù kí n máa fojú rí i. Wọ́n ní ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ ni àwọn òyìnbó ń kì sínú kúbùsù irú rẹ̀, ó sì ti rí jákẹ́ẹ̀tì kan tó ní in nínú.

"Fún un pọ̀!" ni mo ń pariwo. "Mo ní kí o fún un, kì í ṣe kí o máa fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tuntun!"

Mo gbọ́ tí ẹni tó ń tà á ń fi Twi béèrè pé ta ni màmá tó ń jà nínú fóònù yìí. Mo ní kó sọ fún un pé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni.

Ó ra jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ra fáíbà funfun tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí ìgbàlódé, ó sì kó wọn wálé. Mo gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀ ní àgbàlá. Nígbà tí mo la jákẹ́ẹ̀tì, ìhùùhù fò jáde, ó gba àgbàlá kan, ó lẹ̀ mọ́ ìbòrí Àlájà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yẹn, ikọ́ rẹ̀ nídìí. Mi ò jiyàn, ìhùùhù fúyẹ́, gbogbo rẹ̀ wọ inú agolo mílíìkì kan. Ṣùgbọ́n mo wọ́n omi sí i, ó ṣùpọ̀, ó tẹ́ sí ìdí abọ́, kò sì dìde mọ́. Lórí òkè tí ìrì ti ń sẹ̀ bí òjò? Rárá o. Fáíbà ní tirẹ̀ kò ka omi sí, ó rin tán, ó ṣì gbóná lọ́wọ́. Àmọ́ èyí tó tó fún kúbùsù kan gba ìdajì àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wúwo. Ọjọ́ méjìlá ni ọmọ mi máa fi gbé e gòkè.

Mo wá wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Àpò òwú àràbà kan ṣẹ́ kù níbẹ̀, èyí tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà, tó ti yọ kóró inú rẹ̀ kúrò tán. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Nígbà tí mo fa ọwọ́ yọ, irun ewú kan wà lára òwú náà, ó kúrú, ó ká kò. Irùngbọ̀n rẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn náà, mo dá irun náà padà sáàárín òwú, mo gbé àpò jáde. Mo da omi sí òwú àràbà nínú abọ́. Ó léfòó, omi ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì ṣeé fún mọ́ra.

"Èyí ni," ni mo wí fún un.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń rán ẹ̀wù òjò ni mo lò. Mo pín in sí ojú mẹ́sàn-án kí òwú má baà ṣàn sójú kan. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan, alágbẹ̀dẹ ní Suame Magazine, rọ ìkọ́ irin kéékèèké fún wa láti fi so ó. Mo wá gbé igi tí a fi ń kì òwú, ọjọ́ méjì ni mo fi kì í. Bí mo ṣe ń kì í, mo ń ṣàdúrà sí i, mo ń rò ó pé òwú ń bẹ nílé yìí, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé mo rẹ́ ọmọ mi jẹ. Nígbà tí mo parí, Àlájà fúnra rẹ̀ wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a. Ó mi orí, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi gan-an nìyí." Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọmọ mi wọ inú hámọ́ọ̀kì. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ó mú débi pé ilẹ̀ ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní, mò ń wò ó. Oòrùn kò tíì yọ tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Maame, awɔ de me."

Kumasi la bí i sí. Bí nǹkan bá ti ká a lára, Twi ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Òtútù ń mú un.

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Òtútù ti ibo wọlé? Ṣé kúbùsù tí mo kì yẹn?"

"Ẹ̀yìn mi ti kú, Màámi."

"Bọ́ sílẹ̀! Bọ́ sílẹ̀, jẹ́ kí n wọ̀ ọ́."

Èmi kì í ṣe obìnrin kékeré. Òpó ké, okùn ké, ẹsẹ̀ mi méjèèjì lọ sókè, orí mi lọ sísàlẹ̀, aṣọ náà sì pa mọ́ mi lójú. Ohùn Àlájà ni mo ń gbọ́ láti ìta: "Súbúhánálláhì! Ìyàwó, opó lò ń ṣe ni, àbí jangílọ́fà?"

Òtútù ti dé bá mi. Kò pẹ́ tí mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tí mo fi mọ ohun tí mo ṣe. Kúbùsù náà le koránkorán. Kò tẹ̀ lé ẹ̀yìn mi, ó nà tantan lábẹ́ níbẹ̀, atẹ́gùn ń gba àárín àwa méjèèjì kọjá. Òwú inú rẹ̀ pàápàá kò ní èémí. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òwú ló ń gba òtútù dúró, èmi sì ti fi igi lé gbogbo rẹ̀ jáde. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tó ń ṣe ìrọ̀rí nìkan ló lè ṣe àṣìṣe yìí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà ì bá ti rọra da òwú sínú rẹ̀, kí ó sì ṣe é dáadáa.

Mo sì mọ oògùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kí n tú ojú abẹ́rẹ́, kí n yọ ìdajì òwú kúrò. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Ṣùgbọ́n láti inú aṣọ yẹn, tí mi ò rí ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò rí mi, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Òtútù ọdún yìí ló le. Bí ibí bá rí báyìí, orí òkè ńkọ́? Kò sí òwú tó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mi. Jókòó."

"Ó dáa, Màámi," ni ó wí.

N kò lè bọ́ sílẹ̀ fúnra mi. Òun ló di ọwọ́ mi méjèèjì mú, tó fà mí yọ. Àlájà ní Alihamdulilai. Mo jẹun yó lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀bi náà ò tíì dé ọ̀fun mi.

Mo retí pé kó bínú sí mi, kó máa fọ abọ́ gbàgàgbàgà, kó má dáhùn bí mo bá pè é. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó se oúnjẹ, ó pọn omi. Lọ́jọ́ kẹta, mo wẹ̀ tán, mo jáde, mo bá a lórí ẹní mi. Ó fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí ẹ̀yìn tèmi ti fá ọ̀dà kúrò, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó wé aṣọ dúdú mi mọ́rí. Lójú títì, wọ́n ń ké "Kejetia! Kejetia!" Ètè rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń kà?"

"Ọjọ́ ni. Ó ku mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Màámi."

Ọjọ́ tèmi ló ń kà! Ọmọ ogún ọdún tí kò tíì mọ ọkọ, ó ti ń ṣe opó. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló fi í sí i, kì í ṣe Àlájà. Èmi ni. Wọ́n ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó lọ sóko rárá ńkọ́, kí ló fẹ́ fi ilé ṣe? Mo wọlé, mo mú abẹ rẹ́sọ̀, mo gbé kúbùsù jáde, mo sì là á lójú ọmọ mi.

"Òwú inú rẹ̀ ló pọ̀ jù," ni mo wí. "Bí mo bá yọ ìdajì, á gbóná. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọ inú rẹ̀."

Ó wò mí. "Láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn."

Ó tú aṣọ dúdú mi kúrò lórí, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kó tó ṣí i. Ohun tó dùn mí ni pé n kò ní ẹjọ́ kankan tí mo lè rò. Mo jókòó, mo ń yọ òwú. Iṣẹ́ náà nira fún ọwọ́ mi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí mo bá da òwú díẹ̀ sí ojú kan, ìka mi á fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo ní láti jókòó lé ọwọ́ òsì mi. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń jalè.

Àlájà kò lè mú un mọ́ra. "Àbúrò mi kò rán nǹkan rírọ̀ rí láyé rẹ̀!"

"Ti ìrọ̀rí nìyẹn, Àlájà," ni mo dá a lóhùn. "Òtútù kì í gbá nǹkan lẹ́ṣẹ̀ẹ́ wò kó tó wọlé."

Nígbà tí ọmọ mi jáde, kò kí mi. Ó mú abẹ́rẹ́ kejì, ó jókòó sí òdìkejì kúbùsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. A rán an títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé láàárín.

"Ẹ má kì í o," ni ó wí.

"Mi ò kì í."

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún wọ inú hámọ́ọ̀kì. Kúbùsù náà wú sókè lábẹ́ rẹ̀, ó gbá a mọ́ra láti èjìká dé orúnkún. Mo jókòó. Oòrùn yọ, kò dún. Oòrùn gun ògiri, kò dún. Èmi ni mo lọ jí i.

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?"

Ó la ojú kan. "Ó ń làágùn," ni ó wí, ó sì tún sùn padà.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mi ò lè sìn ín sọ́nà. Mo dúró sí ẹnu géètì, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan bèbè ìloro gan-an. Àlájà kò wúkọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó máa gbọn kúbùsù náà kó tó so ó ní ìrọ̀lẹ́, kí òwú lè mí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó dì mọ́ mi, àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, a rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo gbọ́ tí tròtrò tó wọ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹrin ló tó pè mí. Atẹ́gùn ń fẹ́ lórí fóònù, mò ń gbọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Màámi, ìrì rin gbogbo wa lánàá. Ẹ̀yìn mi gbóná."

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun."

"Òwú tí ẹ yọ ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpò. Màá fi í ṣe ìrọ̀rí."

"Ìrọ̀rí pọ̀ nílé yẹn, Màámi. Ẹ rán kúbùsù tiyín."

Fóònù já. Mo wò ó títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà, mo dìde, mo mú okùn ìwọnṣọ, mo tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣẹ́ kù sórí ẹní, mo dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo pe Àlájà pé kó wá bá mi wọn gígùn ara mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀, ó wá, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó sì dúró lórí mi bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, "òkú la máa ń wọ̀n báyìí."

"Mo mọ̀, Àlájà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ wọ̀n mí dáadáa. Mo fẹ́ rìn."